Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìfẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ sí Àárín Rògbòdìyàn Òṣèlú: Júùnù 12 Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dáwọ́ lé ìtàn àròsọ nípa ìfẹ́ ní àkókò rògbòdìyàn ni ìtàn náà máa ń pín sí méjì mọ́ lọ́wọ́. Ìtàn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin wà lápá kan, ìtàn ìjọba wà lápá kejì, àwọn méjèèjì sì ń juwọ́ síra wọn láti òkèèrè bí ayálégbé tí kò mọ orúkọ ara wọn. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Mo ti kọ ojú ewé 60 kí n tó gbé e fún àbúrò ìyá mi kan tí a máa ń pè ní Àǹtí Mùṣin, nítorí pé àdúgbò náà ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ọmọ ọdún 23 sì ni lọ́dún 1993. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Gbogbo ohun tí o kọ síbí la ti gbọ́ lórí rédíò nígbà náà. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí ńkọ́? Kí ló ṣe wọ́n?" N kò rí èsì fọ̀.

Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò. Júùnù 12, ìyẹn ìdìbò ààrẹ ọdún 1993 tí ìjọba ológun fagi lé àti wàhálà tó tẹ̀lé e, ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn tó fojú rí i ṣì wà láàárín wa tí a lè bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa wàhálà Wẹ́tìẹ̀ ti ọdún 1965 tàbí ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 lè gba ọ̀nà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí yóò bi léèrè kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́.

Kí ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè fojú kan ara wọn?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣèlú. Ìbéèrè tó wà lókè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Àgbà tó nílé tirẹ̀, tó ní mọ́tò, tó sì ń ná owó ara rẹ̀, lè máa bá ìfẹ́ rẹ̀ lọ bí ìlú tilẹ̀ ń jó. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni owó ọkọ̀ ti ń wá, wọ́n ń bi í léèrè ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò padà, iṣẹ́ tó bá sì rán sí olólùfẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀nà tó ṣí, ọjà tó ná, owó ọkọ̀ tí kò yí padà, àti àlàáfíà tí ń jẹ́ kí òbí gbà pé kí ọmọ jáde: orí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìfẹ́ ọ̀dọ́ dúró lé, àwọn náà gan-an sì ni rògbòdìyàn kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Ẹni tó fagi lé ìdìbò kò mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà ní Mùṣin. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn méjì kan jáde láti inú àròsọ. Mo pe ọmọbìnrin náà ní Bísí, ọmọ ọdún 19. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Mùṣin. Yunifásítì tó ń lọ wà ní títì nítorí pé àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní àárín ọdún 1993, ìdí sì nìyí tó fi wà nílé tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo pe ọmọkùnrin náà ní Chidi, ọmọ ọdún 21, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Ládípọ̀. Mùṣin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó ń fi òwe dá ìyá Bísí lóhùn. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ló ń wá ra èlùbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń jẹ àmàlà nílé wọn.

Èlùbọ́ yẹn ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn, tó níye owó, tí olólùfẹ́ ń lò gẹ́gẹ́ bí àwáwí láti dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, iṣẹ́ yín ti bọ́ sójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tó bá ti ọjà pa ti ti ẹnu ọ̀nà ìfẹ́ wọn pa nìyẹn, ẹ kò sì ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún òǹkàwé. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń fi àwọn olólùfẹ́ wọn sí inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó ń ta ko ara wọn kí ìjà lè wà. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń sọ ẹ̀dá ìtàn di agbẹnusọ, ọmọ ogún ọdún tó bá sì ń sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ kò lè dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Kàlẹ́ńdà onílà méjì

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá kàlẹ́ńdà ọdún náà, ẹ fa ìlà méjì sórí ìwé ńlá kan. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè sí apá òsì. Ẹ kọ ohun tí ọjọ́ náà gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, tàbí ohun tó fún wọn, sí apá ọ̀tún. Apá òsì yóò yá, nítorí pé ó wà nínú àkọsílẹ̀. Apá ọ̀tún ni iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ni wọ́n dìbò. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá díje lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin. Alhaji Bashir Tofa díje lábẹ́ NRC, ẹgbẹ́ onídì. Àwọn ènìyàn tẹ̀ka ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì ju ìwé ìdìbò sínú àpótí ní ojú gbogbo ayé. Kí ni ọjọ́ yìí fún Bísí àti Chidi? Ó fún wọn ní ìlà. Wákàtí púpọ̀ ni wọ́n fi tò lórí ìlà kan náà láìní láti wá àwáwí kankan, ìyá Bísí wà níwájú wọn, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí pé wọ́n dúró pọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba ló ṣètò ibi ìpàdé fún wọn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, nítorí pé òǹkàwé mọ ohun tó ń bọ̀, àwọn kò mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida kéde pé òun ti fagi lé ìdìbò náà. Ìwé pélébé kan ni wọ́n kà fún àwọn oníròyìn, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Kí ni ọjọ́ yìí gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì? Kò gba nǹkan kan. Ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Ọjọ́ ńlá fún orílẹ̀-èdè lè jẹ́ ọjọ́ lásán fún ẹni méjì. Nínú ìtàn mi, Chidi wá ra èlùbọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń jiyàn lórí bóyá bàtà tuntun tó wọ̀ bá a mu. Òǹkọ̀wé tó bá mú kí wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà ti gba ẹkún tirẹ̀ fún wọn sun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù keje, ni ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Campaign for Democracy pe àwọn ará ìlú jáde. Wọ́n fi táyà tó ń jó dí ojú ọ̀nà, ọjà pa, ọkọ̀ kò ná. Àwọn ológun jáde, wọ́n sì yìnbọn. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ka òkú tó lé ní 100. Apá ọ̀tún kún lọ́jọ́ yìí: kò sí ọjà, kò sí èlùbọ́, kò sí àwáwí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tí Bísí lè gbà mọ̀ bóyá Chidi wà láàyè. Láti ìparí oṣù keje wọ inú oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọ Ìgbò, ń kó ẹrù kúrò ní Èkó nítorí ìbẹ̀rù pé ogun ń bọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, Babangida yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé ìjọba fìdíhẹ lé Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, ìjọba fìdíhẹ gbé owó epo bẹntiróò kúrò ní 70 kọ́bọ̀ sí náírà 5. Ní ọjọ́ 10, ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó ní ìjọba náà kò bófin mu. Ní ọjọ́ 17, Ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba.

Ibẹ̀ ni kí ẹ dá kàlẹ́ńdà yín dúró. Ọjọ́ 158 ló wà láàárín ọjọ́ ìdìbò àti ọjọ́ tí Abacha gbàjọba, ó sì tó ìwé odindi. Yóò máa ṣe yín bíi kí ẹ dé Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó níbi tí Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, kí ẹ dé ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní oṣù kẹfà ọdún 1996, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998 tí Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí wúwo púpọ̀, wíwúwo wọn náà sì ni ewu wọn. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, ọdún márùn-ún ni Bísí àti Chidi yóò fi máa sáré tẹ̀lé ìròyìn, àwọn èwe tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn yóò sì ti di àgbàlagbà kí ìtàn tó parí.

Bíbi àwọn àgbà léèrè

Ẹ má bi àwọn tó fojú rí i pé kí ni èrò wọn nípa ìfagilé ìdìbò. Ohun tí ìwé ìròyìn kọ ni wọn yóò kà padà fún yín. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ta ló lọ rà á, bàtà wo ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, ilé ta ni wọ́n sùn. Lẹ́yìn ìbéèrè nípa oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ gidi tó ń jáde. Ẹ lọ ka ìwé ìròyìn àtijọ́ pẹ̀lú, ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ka ìpolówó ọjà kí ẹ tó ka ojú ewé kìíní. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí àwọn ènìyàn ń rà, iye tí wọ́n ń rà á àti aṣọ tó lòde. Bí ẹ bá dé oṣù keje tí ẹ kò rí àwọn ìwé ìròyìn kan mọ́, kì í ṣe pé ilé ìkàwé sọ wọ́n nù. Ìjọba ológun ti ilé iṣẹ́ àwọn bíi Concord àti Punch pa nígbà náà.

Ewé dongoyárò

Nígbà tí mo bi Àǹtí Mùṣin nípa oúnjẹ ọjọ́ 5 oṣù keje ni mo tó gbọ́ nípa ewé. Ẹ̀bà ni wọ́n jẹ. Ó ní òun kò gbádùn rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ òun korò. Mo ní kí ló fa kíkorò ọwọ́. Ó wá sọ fún mi pé òun fi ẹsẹ̀ rìn láti Palmgrove dé Mùṣin lọ́jọ́ náà, ẹ̀ka ewé dongoyárò sì wà lọ́wọ́ òun jálẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mú ewé lọ́wọ́, tàbí awakọ̀ tí kò bá fi ewé sí iwájú mọ́tò rẹ̀, àwọn ọmọ tó dí ọ̀nà kì í jẹ́ kó kọjá. Ewé tútù ni àmì pé ó wà pẹ̀lú wọn. Ó dì í mú débi pé oje rẹ̀ wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jẹun.

Nínú ojú ewé 60 tí mo kọ́kọ́ kọ, báyìí ni mo ṣe kọ ọjọ́ náà: "Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje, àwọn ará ìlú tú síta láti fi ẹ̀hónú wọn hàn lòdì sí ìwà ìrẹ́jẹ tí ìjọba ológun hù sí wọn, ọkàn Bísí sì gbọgbẹ́ bí ó ti ń ronú nípa Chidi." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo kọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀bà nìyí:

"Ìyá Bísí ṣẹ́ ẹ̀ka dongoyárò lára igi ẹ̀yìn ilé, ó fi lé e lọ́wọ́. 'Má jù ú nù títí o ó fi padà dé,' ló wí, bí ẹni ń fún ọmọ lówó ọkọ̀. Ní ìdí táyà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 12 lọ wo ewé náà, ó wo ojú Bísí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì tó fi dí ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Ní ìdí táyà kejì, wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní Ládípọ̀. Wọ́n ní, 'Wọn ò ṣíjà lónìí o, àǹtí.' Ó ní, 'Mo mọ̀.' Ó sì ń lọ."

Ẹ kíyè sí i pé a kò dárúkọ ìfẹ́, a kò dárúkọ ìjọba. Ọ̀rọ̀ méjì péré, "Mo mọ̀", ló ru ẹrù ìfẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tó di aṣọ́nà ló sì ru ẹrù òṣèlú. Bí ẹ bá fẹ́ dán ìran kan wò bóyá ó jóòótọ́, ẹ yọ gbogbo gbólóhùn tó ń ṣàlàyé òṣèlú kúrò nínú rẹ̀. Bí òǹkàwé bá ṣì mọ̀ pé ìlú kò rójú, ìran náà dúró. Bí kò bá mọ̀, àlàyé kọ́ ló kù. Ewé ló kù.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńláńlá. Ẹ má ṣe mú Abíọ́lá tàbí Babangida wọlé láti wá bá àwọn ẹ̀dá ìtàn yín sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú rédíò, lórí pátákó, lẹ́nu oníròyìn, nínú ìwé ìròyìn bíi TELL tí ọmọ ìta fi pamọ́ sábẹ́ ìwé mìíràn kó tó tà á. Bí àwọn ará ìlú ṣe mọ̀ wọ́n náà nìyẹn.

Bàbá Chidi

Ẹni tó le jù láti kọ nínú gbogbo ìtàn yìí ni bàbá ọmọkùnrin náà, nítorí pé òun ni yóò pín àwọn méjèèjì níyà, ó sì rọrùn láti sọ ọ́ di ọ̀dájú. Òǹkọ̀wé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀ nù. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni ọdún 44 lọ́dún 1993, ọmọ ọdún 17 ni lọ́dún 1966 nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ọmọ Ìgbò ní ìlú Hausa, tí àwọn tó kù sì ń sá padà sí Ìlà-Oòrùn kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí kì í dúró gbọ́ àhesọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kún gáréèjì Jíbówú ní oṣù kẹjọ, tí àwọn ọmọ Ìgbò fúnra wọn sì sọ ìrìn àjò náà ní "oso Abiola", ìyẹn eré tí wọ́n ń sá nítorí Abíọ́lá, kì í ṣe pé bàbá yìí kórìíra ẹnikẹ́ni ní Mùṣin. Ó ń ka iye ọmọ rẹ̀ ni, bí àwọn tó kù ní Kano lọ́dún 1966 ṣe ka iye tiwọn.

Ó yẹ kí ìyá Bísí náà ní ẹ̀dùn tirẹ̀. "Ta ló lé wọn?" ni yóò máa bi àwọn oníbàárà. Ó dìbò fún ẹlẹ́ṣin, kò sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnikẹ́ni, aládùúgbò rẹ̀ láti ogún ọdún sì di ẹrù rẹ̀ lóru bí ẹni tó ń sá fún un. Àgbà méjì tí wọn kò ṣẹ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì rò pé ẹnìkejì ló ṣẹ òun: ibẹ̀ ni ìtàn yín ti ń le, láìsí ọ̀dájú kankan nínú rẹ̀.

Alẹ́ tí wọ́n ń di ẹrù ni èlùbọ́ sì ní láti jáde. Bàbá fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn Chidi, ó bá ọ̀rá èlùbọ́ 14 níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú, kòkòrò ti ń wọ àwọn mìíràn. Ó wò wọ́n, ó wo ọmọ rẹ̀. Mo ti kọ ìran yìí lọ́nà bíi mẹ́fà, èyí tí mo fi sílẹ̀ ni èyí tí bàbá náà kò ti sọ nǹkan kan, tó kàn dá àpótí náà padà sábẹ́ ibùsùn jẹ́jẹ́.

Ohùn ẹnu wọn

Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó ń fẹ́ra wọn kì í sábà sọ pé "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ". Wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Wọ́n á ní, "Ta ló gé irun yìí fún ẹ?" Bí ẹ óò bá kọ "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" rárá, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ́ níbi tí kò ti ní rọrùn láti gbọ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń pariwo tí ẹnìkejì sì ń béèrè pé, "Kí lo wí?" Ohun tó gbéṣẹ́ jù lọ lọ́wọ́ wa ni orúkọ tí a fi ń pe ènìyàn. Láti ojú ewé kìíní, "oníbàárà mi" ni ìyá Bísí ń pe Chidi, òun náà sì ń pè é ní "Màmá". Nígbà tó wá dágbére, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tó dà sílẹ̀, obìnrin náà ní, "Dìde, ọmọ mi." Òǹkàwé tó bá mọ èdè yìí kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti mọ̀ pé obìnrin náà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá pínyà, ẹ ó nílò ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò fi máa kọjá láàárín wọn. Ẹ má ṣe gbàgbé pé kò sí fóònù alágbèéká fún ará ìlú nígbà náà. Ọdún 2001 ni GSM tó dé. Lẹ́tà tí a fi rán awakọ̀ ni ó wọ́pọ̀, awakọ̀ lè gbàgbé, ó sì lè má padà wá mọ́. Mo fi àrokò kún un. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí òun rán an sí, nítorí pé ìró "fà" wà nínú ẹẹ́fà. Bísí kọ́ Chidi ní èyí ní orí kejì, ó fi ń ṣàwàdà pé ohun tí olùkọ́ Yorùbá fi ń dà wọ́n láàmú nìyí. Ní orí kẹsàn-án, awakọ̀ kan já ọ̀rá kékeré sílẹ̀ fún un ní Jíbówú, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀tì mọ́tò mẹ́fà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú gírísì lára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú nǹkan báyìí, ẹ gbìn ín ní kùtùkùtù nígbà tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń rẹ́rìn-ín, kí ó lè hù nígbà tí ẹ̀rín bá tán.

Àwọn àṣìṣe tí òǹkàwé kì í dárí jì

Nínú ìtàn ọdún 1993, NEPA ló ń mú iná lọ, kì í ṣe ilé iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tí kò pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ dìbò, nítorí náà ẹ ṣọ́ ọjọ́ orí tí ẹ fún wọn. Kò sí ìsinmi Júùnù 12 nígbà náà. Ọdún 2018 ni ìjọba tó kéde ọjọ́ yẹn ní Ọjọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa. Ẹ má sì ṣe fún ẹ̀dá ìtàn yín ní ìmọ̀ tí kò lè ní: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, kò sí ẹni tó mọ̀ pé Abacha ń bọ̀ wá lo ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ bí wòlíì nínú ìtàn yín, òǹkọ̀wé ni ó ń bẹ nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kan tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni ikú ọ̀fẹ́. Nítorí pé àwọn ènìyàn kú lóòótọ́ ní oṣù keje yẹn, ó máa ń rọrùn láti jẹ́ kí ìbọn ba ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ kí ojú òǹkàwé lè ro omi. Ẹ ronú lórí ìdílé tó sin òkú gidi kí ẹ tó yá ikú wọn lò. Nínú ìtàn tèmi, owó ọkọ̀ ló parí iṣẹ́ náà. Bísí fi oṣù méjì tọ́jú owó tí yóò gbé e dé Onitsha, níbi tí Chidi wà. Ó pé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá. Nígbà tó dé gáréèjì lọ́jọ́ Ajé, epo ti di náírà 5, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ gbọ́ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó lórí àpò rẹ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí mo parí àtúnkọ, mo kà á sókè fún Àǹtí Mùṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, alẹ́ mẹ́rin ni a fi kà á. Ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ ka tiyín fún un bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ó lè máa yìn yín lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan mìíràn ṣe. Nígbà tí mo dé ìran ewé, ó dá mi dúró. Ó ní nígbà tí ọmọbìnrin yẹn bá fi máa dé ìdí táyà kejì, lábẹ́ irú oòrùn yẹn àti ooru táyà, ewé ọwọ́ rẹ̀ yóò ti rọ. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti rọ.